Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: KORÍKO BÀHÁMÀ LÓJÚDE ILÉ WA

Ní oṣù tó kọjá, ọ̀rọ̀ onídùúró àti ìwé owó-yíyá ni a fi kọ́ ara wa. Lóṣù yìí, koríko la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín pé kí ló kan ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ koríko, kó fara balẹ̀ kà á. Ẹjọ́ ló bí ẹ̀kọ́ yìí, owó ẹgbẹ́ sì wà nínú rẹ̀.

Ìyá kan wà nínú wa tó ń ta aṣọ. Ó yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ó fi parí ilé rẹ̀. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ó rí i pé ọ̀gbàrá ti ń gbẹ́ ẹsẹ̀ ilé náà, búlọ́ọ̀kù ìpìlẹ̀ ti ń yọjú síta lápá ọ̀tún. Ó mú nínú owó tó ṣẹ́kù, ó lọ bá bàbá kan tó ń ta òdòdó àti koríko létí títì. Ọmọ ẹgbẹ́ wa ni òun náà. Bàbá gbé àpò koríko bàhámà méjìlá wá, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sì gbìn ín. Kó tó pé oṣù méjì, iwájú ilé ti tutù yọ̀yọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ibi tí ọ̀gbàrá wà gan-an, ti kú tán. Bàbá tún gbé àpò mẹ́fà wá, ìyẹn náà kú. Ìyá ní òun kò ní san owó tó kù, ọjà burúkú ni wọ́n tà fún òun. Bàbá ní òun kò ta ọjà burúkú rí láti ọjọ́ tí òun ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Lọ́jọ́ ìpàdé, ohùn lọ sókè débi pé alága ní láti lu tábìlì. Ìyá sì sọ ọ́ gbangba pé bí owó koríko yìí bá ṣègbé, òun kò mọ ibi tí òun yóò ti rí owó oṣù yẹn san padà fún ẹgbẹ́.

Èmi ni ìgbìmọ̀ rán lọ wò ó, nítorí mo fi ọdún púpọ̀ tọ́jú ọgbà ilé-ìwé kí n tó fẹ̀yìn tì. Ohun tí mo rí níbẹ̀, àti èyí tí mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ni mo kọ síhìn-ín.

ẸNI TÍ KÒ FẸ́ KORÍKO LÓJÚDE

Àwọn àgbà wa kì í fi koríko sílẹ̀ lójúde. Ọwọ̀ ni ìyàwó ilé ń fà yọ láàárọ̀, á gbá ojúde títí ilẹ̀ á fi máa dán, kí a lè tètè rí ejò, kí ẹnikẹ́ni má sì pe onílé ní ọ̀lẹ. Ọgbọ́n ni wọ́n fi ṣe é, n kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ilé alámọ̀ tó wà láàárín agbo ilé nígbà yẹn, omi kì í dà lé e lórí bí ó ti ń dà láti orí páànù ńláńlá òde òní. Bí a bá ń gbá ilẹ̀ lójoojúmọ́, tí omi páànù sì ń dà lé e, díẹ̀díẹ̀ ni iyẹ̀pẹ̀ ń lọ, títí ìpìlẹ̀ yóò fi yọ síta. Koríko tí a gé kúrú máa ń di iyẹ̀pẹ̀ mú, ejò kò sì rí ibi sá pa mọ́ sí nínú rẹ̀. Èyí tó ga dé orúnkún ni ejò ń fẹ́, ìyẹn kì í ṣe koríko ojúde mọ́, igbó ni.

Ẹ MỌ OHUN TÍ Ẹ̀ Ń RÀ

Bàhámà ni àwọn olókoríko ń pè é lọ́dọ̀ wa. Bermuda ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ bíbí erékùṣù Bermuda. Ó ti wà nílẹ̀ Áfíríkà níhìn-ín kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ní Cynodon dactylon, ọ̀rọ̀ kejì yẹn sì ti inú èdè Gíríìkì wá, ìka ọwọ́ ló ń tọ́ka sí. Ẹ wo òdòdó rẹ̀, ẹ ó rí i pé ó ya bí ìka, mẹ́ta sí mẹ́fà, láti ojú kan ṣoṣo. Ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń fà nílẹ̀ bí ìtàkùn. Níbi tí oríkèé rẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá ti kan ilẹ̀, ó ń ta gbòǹgbò. Ó tún ní ìtàkùn mìíràn tó ń rìn lábẹ́ ilẹ̀, funfun, tó le. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí mo ṣì ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Gbégi náà ní òdòdó tó ya bí ìka, àwọn kan sì máa ń fi í pọ̀ mọ́ bàhámà nínú àpò. Ṣùgbọ́n gbégi kì í fà nílẹ̀, ojú kan ló ń dúró sí, ìdí rẹ̀ funfun, ó sì pẹlẹbẹ. Bí ẹ bá fà á, ẹ̀yìn yín ni yóò kọ́kọ́ dùn yín kó tó fà tu. Kápẹ́ẹ̀tì ní tirẹ̀, ewé rẹ̀ fẹ̀, orí rẹ̀ kò mú ṣóńṣó, òun náà ń fà nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin oníṣòwò. Bàhámà tí wọ́n fi ń ṣe pápá bọ́ọ̀lù àti pápá gọ́ọ̀fù ńlá, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Tifway, àdàlù ni, Tifton ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é jáde ní ọdún 1960. Kì í so irúgbìn tó lè hù. Ìtàkùn rẹ̀ nìkan ni à ń gbìn. Nítorí náà, ẹni tó bá gbé irúgbìn wá fún yín nínú ike pé Tifway ni, ẹ dá a lóhùn pẹ̀lú ẹ̀rín, kí ẹ sì di àpò owó yín mú.

OÒRÙN NI OÚNJẸ RẸ̀

Lọ́jọ́ tí mo lọ sí ilé ìyá, aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ni mo débẹ̀. Wọ́n fún mi ní àga, mo ní kí wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Ìyá rò pé mo fẹ́ sinmi. Igi wẹ́wẹ́ márùn-ún ni mo kàn mọ́lẹ̀, mo sì ń wo ìgbà tí oòrùn dé ìdí igi kọ̀ọ̀kan àti ìgbà tó kúrò níbẹ̀. Ilé alájà kan ti aládùúgbò wà lápá ìlà-oòrùn, ó bo ibẹ̀ títí di aago mọ́kànlá. Nígbà tó di aago méjì, òjìji igi máńgòrò ti bẹ̀rẹ̀ sí í gorí rẹ̀, lẹ́yìn náà ilé ìyá fúnra rẹ̀ bò ó. Wákàtí mẹ́ta péré ni oòrùn ń lò níbẹ̀. Ní iwájú ilé, láti aago mẹ́jọ ààbọ̀ títí di aago márùn-ún, oòrùn kò kúrò.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Bàhámà ń fẹ́ oòrùn gidi fún wákàtí mẹ́fà lójúmọ́ ó kéré tán. Bí ó bá tó mẹ́jọ, ó tún dára jù. Kò sí àtúnṣe fún èyí. Bí ẹ bá da ajílẹ̀ sí i lábẹ́ òjìji, tí ẹ sì ń bomi rin ín láàárọ̀ lálẹ́, yóò kú náà ni. Àmì rẹ̀ ni pé koríko á gùn sókè bí ẹni ń wá nǹkan, á tẹ́ẹ́rẹ́, á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ilẹ̀ á sì máa hàn láàárín rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ebi ló ń pa á. Òótọ́ ni, ebi ni, ṣùgbọ́n oòrùn ni oúnjẹ tó ń fẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni tó ra àpò kan, kó ṣe bí mo ti ṣe. Ẹ kan igi mọ́lẹ̀, ẹ kọ wákàtí sílẹ̀. Ẹ tún rántí pé oòrùn kì í gba ojú kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, nínú oṣù kẹfà, apá àríwá ni ó ń gbà kọjá lọ́sàn-án. Nínú oṣù kejìlá, apá gúúsù ni. Ògiri gíga tó bá wà ní gúúsù ojúde yín lè má ṣe nǹkan kan nígbà tí ẹ ń gbìn ín nínú òjò, kó wá bò ó nígbà ọyẹ́.

Níbi tí oòrùn kò bá tó, ẹ gé ẹ̀ka ìsàlẹ̀ igi bí igi bá jẹ́ tiyín, tàbí kí ẹ gbin kápẹ́ẹ̀tì, òun máa ń fara da òjìji díẹ̀. Ibi tó bá ṣókùnkùn pátápátá, ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, kí ẹ sì fi owó yín ṣe nǹkan mìíràn.

ILẸ̀ ÀTI ÌGBÌN

Ilẹ̀ tí àwọn bíríkìlà fi sílẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ mọ́. Sìmẹ́ǹtì tó ti gan, àpòkápò, èérún búlọ́ọ̀kù, ilẹ̀ pupa tí típà ti tẹ̀ mọ́lẹ̀, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ fi ọkọ́ ro ó jìn tó íńṣì mẹ́fà, ẹ ṣa ìdọ̀tí kúrò, kí ẹ sì tẹ́ ẹ kí omi lè máa ṣàn kúrò lára ilé. Bí ẹ bá kúrò lára ògiri ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, kí ilẹ̀ ti wálẹ̀ ní íńṣì kan. Bí ẹ bá ra ilẹ̀ dúdú, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò fún dáńdá kí wọ́n tó já a sílẹ̀: ewé rẹ̀ jọ koríko, ṣùgbọ́n igi rẹ̀ ní igun mẹ́ta bí ẹ bá yí i láàárín ìka, ó sì ní kóró dúdú lábẹ́ ilẹ̀. Bí kóró yẹn bá dé ojúde yín, ọdún mélòó kan lẹ ó fi máa tu ú.

Ìgbà tí òjò ti fìdí múlẹ̀ ló dára jù láti gbìn ín, láti oṣù karùn-ún lọ. Ẹni tó bá gbìn ín nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù kẹwàá, àfi kó ní kànga tí kì í gbẹ.

Kò pọn dandan kí ẹ ra koríko tí yóò bo gbogbo ilẹ̀. Ohun tí àwọn olókoríko kan kò ní sọ fún yín nìyí, kí bàbá wa má bínú sí mi. Koríko tó kún ilẹ̀ ìgbésẹ̀ kan lóròó àti ìgbésẹ̀ kan níbùú, bí ẹ bá ya á sí wẹ́wẹ́, ó tó gbin irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ mẹ́wàá. Ẹ gé ìtàkùn náà ní íńṣì mẹ́rin sí mẹ́fà, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní oríkèé méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ fi ọkọ́ fa ilà, kí ilà sí ilà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan, kó jìn ní íńṣì méjì. Ẹ tẹ́ ìtàkùn sínú rẹ̀, ẹ bo ìdí rẹ̀, kí orí rẹ̀ yọ síta, kí ẹ wá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Kí omi kàn án kí ẹ tó lọ jẹun. Ẹ má sọ pé ó di ìrọ̀lẹ́.

Koríko tí a bá wú lónìí, òní ni ká gbìn ín, bí ó pẹ́ tán, lọ́la. Bí ó bá wà nínú àpò tí a di lẹ́nu, ooru á mú un, á sè nínú ara rẹ̀. Bí ẹ bá ń rà á, ẹ tú àpò, ẹ ti ọwọ́ bọ àárín rẹ̀. Bí ó bá gbóná, tí ó sì ń rùn bí ewé jíjẹrà, ẹ má gbà á.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ẹ má jẹ́ kí ojú ilẹ̀ gbẹ. Lọ́jọ́ tí òjò kò bá rọ̀, ẹ bomi rin ín láàárọ̀, ẹ tún ṣe é nírọ̀lẹ́ bí oòrùn bá mú. Ẹ fi ọwọ́ tu koríko àjèjì nígbà tó ṣì kéré. Bí òjò bá ṣe déédéé, láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta yóò bo ilẹ̀. Ẹ má ṣe fín oògùn apakoríko sí i lára o. Oògùn tó ń pa gbogbo koríko kò mọ èyí tí ẹ fi owó rà yàtọ̀.

ÌGÉ

Nígbà tí ó bá ga tó íńṣì mẹ́ta, ẹ gé e sí méjì. Lẹ́yìn náà, nígbà òjò, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tàbí ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, kó máa wà láàárín íńṣì kan sí méjì. Ìgé ló ń jẹ́ kó fà sí ẹ̀gbẹ́ dípò kó máa ga sókè. Ẹ má jẹ́ kí ó ga jù kí ẹ tó wá gé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìdá kan nínú mẹ́ta ni kí ẹ máa mú kúrò lẹ́ẹ̀kan. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, igi rẹ̀ funfun ló máa hàn, oòrùn á sì jó o. Mówà dára bí ẹ bá ní in. Ẹni tó bá mọ lángàlángà fì dáadáa, iṣẹ́ rẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n kó pọ́n ọn kó mú. Lángàlángà tó kú, fífà ló ń fa koríko ya.

AJÍLẸ̀

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn ìgbìn, ẹ lè fún un ní NPK 15-15-15, bíi gíráàmù 30 fún ìgbésẹ̀ ńlá kan lóròó àti níbùú, ìyẹn kílò mẹ́ta fún ojúde tó jẹ́ mítà mẹ́wàá lóròó, mítà mẹ́wàá níbùú. Ẹ tún un ṣe ní oṣù méjì sí ìgbà náà, bí òjò bá ṣì ń rọ̀. Ìgbà tí ewé bá gbẹ ni kí ẹ fọ́n ọn, kí ẹ sì bomi rin ín lẹ́yìn rẹ̀, nítorí bí ó bá lẹ̀ mọ́ ewé tútù, jíjó ni. Ẹ so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀ títí òjò yóò fi fọ̀ ọ́ wọlẹ̀. Ìgbẹ́ adìẹ náà dára, àfi kó ti jẹrà fún oṣù mélòó kan.

Ẹ̀YIN ÀGBẸ̀ INÚ WA, Ẹ GBỌ́ O

Mo ní n ó padà sórí ọ̀rọ̀ ìtàkùn. Koríko tí a fẹ́ràn lójúde yìí, ọ̀tá ni lóko. Kárí ayé, àwọn onímọ̀ kà á mọ́ àwọn èpò tó burú jù lọ fún àgbẹ̀. Oríkèé kan ṣoṣo tó bá bọ́ sínú ebè tòmátò ti tó. Bí ẹ bá fi ọkọ́ gé e, ńṣe lẹ sọ ọ̀kan di mẹ́ta. Nítorí náà, ìtàkùn tí ẹ bá wú, ẹ má dà á sórí ààtàn tí ẹ ó kó lọ sóko. Ẹ sá a sórí sìmẹ́ǹtì títí á fi gbẹ wáwá, tàbí kí ẹ fún ewúrẹ́ jẹ. Bí ẹ bá ní ebè ẹ̀fọ́ nítòsí ilé, ẹ ri búlọ́ọ̀kù mọ́lẹ̀ láàárín wọn, kó wọlẹ̀ tó íńṣì mẹ́fà, kí ẹ sì máa gé èyí tó bá gun orí rẹ̀ kọjá.

NÍGBÀ Ẹ̀Ẹ̀RÙN

Bí ọyẹ́ bá dé, bàhámà á gbẹ, á pọ́n bí ẹní àtijọ́. Mo mọ ọkùnrin kan tó pe alágbàṣe láti ha gbogbo rẹ̀ dànù nínú oṣù kìíní, ó ní ó ti kú. Ẹ kọ́kọ́ wú ìtàkùn kan, ẹ ṣẹ́ ẹ. Bí inú rẹ̀ bá funfun, tó sì tutù, ó wà láàyè, òjò ló ń dúró dè. Bí ẹ bá ní omi tó pọ̀ tí ẹ fẹ́ kó máa tutù, ẹ bomi rin ín lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀méjì lọ́sẹ̀ kó wọlẹ̀ dáadáa, ó sàn ju ìwọ́n díẹ̀ lójoojúmọ́ lọ. Ẹ gbé agolo mílíìkì òfìfo sí àárín rẹ̀. Bí omi inú agolo bá tó íńṣì kan lọ́sẹ̀, ó ti tó. Ṣùgbọ́n nílé tí wọ́n ti ń ra omi mu, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kò ní bínú.

BÍ ẸJỌ́ NÁÀ TI RÍ

Mo jíṣẹ́ fún ìgbìmọ̀ bí mo ti rí i. Mo bi bàbá níwájú wọn, mo ní, “Bàbá, àpò mẹ́fà tí ẹ gbé wá lẹ́ẹ̀kejì, ọjọ́ wo lẹ wú u?” Ó ronú díẹ̀, ó ní ọjọ́ Ẹtì ni, ọkọ̀ kò sì sí títí di ọjọ́ Ajé. Kò purọ́, mo kí i fún ìyẹn. Ìgbìmọ̀ ní kí bàbá gba àdánù àpò mẹ́fà náà, kí ìyá sì san gbogbo ohun tó kù lórí méjìlá àkọ́kọ́, nítorí koríko tó wà níwájú ilé rẹ̀ fi hàn pé ọjà náà dára. Ìyá ní, “Ẹ̀yin bàbá, ta ló sọ fún mi pé koríko ń jẹ oòrùn?” Kò sẹ́ni tó rí èsì fún un. Wọ́n wá fún un ní oṣù méjì láti fi san án, akọ̀wé sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bàbá fúnra rẹ̀ ló ní òun yóò gbin kápẹ́ẹ̀tì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, owó alágbàṣe nìkan ni òun yóò gbà. Aládùúgbò gbà kí wọ́n gé ẹ̀ka máńgòrò mẹ́ta. Ní tààrà ibi tí omi páànù ń já sí, òkúta wẹ́wẹ́ ni a ní kí wọ́n tò síbẹ̀, kó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, nítorí kò sí koríko tí ìjásílẹ̀ omi páànù kò ní gbẹ́ nídìí.

Ọmọ ẹgbẹ́ mọ́kànlá ló ti fi orúkọ sílẹ̀ láti dá owó ra àpò NPK kan. Àpò kílò 50 kan tó fún ènìyàn mẹ́rìndínlógún bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá mú kílò mẹ́ta, díẹ̀ á sì ṣẹ́kù fún ọgbà ọ́fíìsì wa. Ẹni tó bá fẹ́ bá wọn dá a, kó rí akápò kó tó di ọjọ́ ìpàdé tó ń bọ̀. Kó mú ike tó ní ìdérí wá, nítorí ajílẹ̀ tó bá fa omi á di òkúta.